Eégún tí kò ní Atókùn: Àyẹ̀wò Eré Sinimá Halloween II

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan sì fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ẹnì kejì yóò béèrè ohun tí ó dé, nítorí pé ó ṣòro láti mọ inú ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí olùkọ́bìnrin kan láti Odìgbó mú ẹjọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ọ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun kò fẹ́ ka ìwé mọ́. Sinimá òyìnbó kan ni wọ́n ń rọ láti inú fóònù kan sí òmíràn, èyí tí apààyàn kan ti fi ìbòjú funfun bojú, tí ó ń fi ọ̀bẹ lé ènìyàn kiri láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Ní ọjọ́ ìparí sáà, ọmọkùnrin mẹ́ta fi páálí funfun ṣe ìbòjú, wọ́n sì fi lé àwọn ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Olùkọ́bìnrin náà wá bi mí pé: "Dókítà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé dé òkè òkun, ṣé irú èyí náà ni ẹ̀ ń pè ní iṣẹ́ ọnà?"

N kò dá ìyá náà lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a jọ wo eré náà ná, kí a má baà jẹ́ adájọ́ tí ó gbọ́ ẹnu ẹnì kan. Ní ọjọ́ Sátidé kan, olùkọ́ mẹ́rin, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti jáde ilé-ìwé, àti èmi fúnra mi, péjọ sí pálọ̀ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ní Ọ̀rẹ̀. Halloween II ni orúkọ eré náà. Mo ti wò ó rí ní òkè òkun, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín. Wọ́n ń ka àwọn òkú bí ẹni ń ka iṣu lójú ọjà. Ní Ọ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ka òkú. Ìbéèrè ni wọ́n ń béèrè, àwọn ìbéèrè wọn ni ó sì ṣí mi lójú sí ohun tí mo fẹ́ kọ sínú àpilẹ̀kọ yìí.

Kí ẹni tí kò tíì wo eré náà má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Halloween ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ọ́kítóbà, nígbà tí àwọn ọmọdé máa ń fi ìbòjú bojú, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé láti tọrọ súìtì. Ní ọdún 1978, John Carpenter, tí òun àti Debra Hill jọ kọ ọ́, fi alẹ́ yìí ṣe sinimá kan tí owó tí wọ́n ná lé e lórí kò ju nǹkan bí 325,000 dọ́là lọ, tí owó tí ó pa sì lé ní 70 mílíọ̀nù dọ́là. Ìbòjú apààyàn inú rẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ìbòjú rọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà ni, tí wọ́n ṣe ní àwòrán ojú òṣèré William Shatner. Wọ́n kàn kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì fẹ ihò ojú rẹ̀.

Michael Myers ni orúkọ apààyàn náà. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ní alẹ́ Halloween ọdún 1963, ó fi ọ̀bẹ pa Judith, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní ìlú àfinúrò tí wọ́n ń pè ní Haddonfield. Wọ́n tì í mọ́ ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1978 ó sá jáde, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó pa àwọn ọ̀dọ́, ó sì lé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Laurie Strode, tí Jamie Lee Curtis ṣe, títí Dókítà Loomis, tí Donald Pleasence ṣe, fi yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó já bọ́ láti òkè ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà náà bojú wo ilẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Yorùbá ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìbọn mẹ́fà yìí ni Halloween II, tí Carpenter àti Hill tún kọ, tí Rick Rosenthal sì darí, tí ó jáde ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún 1981.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni apá kejì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Laurie lọ sí ilé ìwòsàn, apààyàn náà sì tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Ó ń pa nọ́ọ̀sì, ó ń pa dókítà, ó ń pa ọlọ́dẹ. Kò sáré, kò sọ̀rọ̀, àárẹ̀ kò sì mú un. Nígbà tí eré ń lọ sópin ni nọ́ọ̀sì kan tó sọ àṣírí fún Loomis pé àbúrò Michael ni Laurie í ṣe. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú ni ìdílé Strode gbà á ṣe ọmọ, ìjọba sì fi ìwé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Loomis sáré padà sí ilé ìwòsàn, ó sì fi gáàsì àti iná parí ìjà náà.

Bí a bá wo ohun tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ òyìnbó ti kọ lórí eré yìí, ẹ̀bi méjì ni wọ́n sábà máa ń dá a. Èkíní ni pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì lè bá wọn jiyàn lórí èyí. Ìran tí apààyàn náà ti ń ri ojú nọ́ọ̀sì kan bọ inú omi gbígbóná kò kọ́ni ní nǹkan kan ju pé omi gbígbóná a máa bó ènìyàn lára. Ẹ̀bi kejì ni ó kàn mí níhìn-ín. Wọ́n ní àṣírí ìbátan ni ó ba eré jẹ́. Wọ́n ní agbára tí Michael ní nínú eré àkọ́kọ́ ni pé kò ní ìdí. Nínú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn òṣèré, orúkọ tí wọ́n kọ fún un nígbà tí ó bá ti bojú ni "Ìrísí" lásán. Ìgbà tí a bá ti sọ pé àbúrò rẹ̀ ni ó ń wá kiri, wọ́n ní a ti sọ ẹ̀rù di ẹjọ́ ilé. Carpenter fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé èrò náà kò dára tó. Nígbà tí David Gordon Green sì ṣe Halloween mìíràn ní ọdún 2018, ohun tí àwọn tí ó kọ ọ́ ṣe ni pé wọ́n fagi lé ìbátan náà pátápátá, wọ́n ní àhesọ ọ̀rọ̀ ni.

N kò fojú tín-ín-rín ìdájọ́ yìí. Òótọ́ ni pé ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀ a máa bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní pálọ̀ Ọ̀rẹ̀ yàtọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n sì ń bá ara wọn fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì náà sọ pé àbúrò rẹ̀ ni ni gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà mí kanlẹ̀, ó ní: "Háà! Ikú ilé ni!" Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó ń tọ́ka sí: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ohun tí ó dín ẹ̀rù kù lójú lámèyítọ́ òyìnbó ni ó sọ ẹ̀rù di ẹ̀rù gan-an lójú àwọn ará Ọ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé èdè wa fún ìtàn náà ní ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe Judith àti Laurie. Yorùbá kò lè sọ ìtàn náà láì sọ pé ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n, èkejì jẹ́ àbúrò. Nígbà tí Michael wà ní ọmọdé, ó pa ẹ̀gbọ́n tí ó yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó wá àbúrò tí ó yẹ kí òun tọ́jú. Kò sí iṣẹ́ ìbátan kan, bóyá èyí tí a ń ṣe fún un tàbí èyí tí ó yẹ kí ó ṣe, tí kò fi ọ̀bẹ gé.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn òǹwòran wa gba ọ̀rọ̀ ìbátan náà tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé bí àwa náà ṣe máa ń ṣe apá kejì ìtàn nìyẹn. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó bíi Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Nígbà tí ìwé tí ó tẹ̀ lé e, Igbó Olódùmarè, jáde ní 1949, ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni ó gbé kalẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀yìn ni ìwé kejì yìí lọ, láti mọ ibi tí akọni ti ṣẹ̀ wá. Bákan náà ni Agogo Èèwọ̀, tí Túndé Kèlání ṣe ní 2002, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ Ṣaworoidẹ ti 1999. Nínú eré àkọ́kọ́, ọba burúkú gba ìdájọ́ rẹ̀. Nínú èkejì, a bi ìlú léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí àwọn ìjòyè tí wọ́n bá ọba náà jẹun. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ fi ojú Yorùbá wọn apá kejì ìtàn kan, ìbéèrè méjì ni n ó bi í. Ta ni àwọn ènìyàn rẹ̀? Kí ni ìlú fi sílẹ̀ láìṣe?

Halloween II dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Àìdáhùn èkejì ni mo kà sí ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ bá a wí nítorí pé ó wá ìbátan fún apààyàn. Èmi bá a wí nítorí pé ó wá ìbátan fún un tán, kò sì fún ìbátan náà ní iṣẹ́ kankan ṣe.

Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ wa tí wọ́n ń bojú. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, agọ̀ kì í sọ ènìyàn di ẹni tí kò ní orúkọ. Orúkọ tí ó ju tirẹ̀ lọ ni agọ̀ ń fún un. Agọ̀ bo ojú ẹnì kan kí ojú àwọn bàbá ńlá lè hàn. Eégún ní ìdílé tí ó ni ín, ó ní ìgbàlẹ̀ tí ó ti jáde, ó ní Alágbàá tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì ní atókùn tí ń ṣáájú rẹ̀, tí ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń túmọ̀ ohùn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. A kì í sọ ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú, ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. N kò sọ pé ọwọ́ eégún mọ́ nígbà gbogbo. Ìtàn fi yé wa pé àwọn eégún kan wà tí ìlú máa ń fi iṣẹ́ ìdájọ́ rán láyé àtijọ́, a sì mọ̀ pé títí di òní, ọdún eégún a máa di ìjà ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí eégún bá ṣìwà hù, a mọ ilé tí a ó lọ.

Michael Myers jẹ́ eégún tí kò ní atókùn. Loomis ni ó fẹ́ ṣe atókùn fún un: òun ni ó mọ ọ̀nà rẹ̀, òun ni ó ń sáré kiri tí ó ń kìlọ̀ fún ìlú, òun ni ó sì ń túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìbọn nìkan ni ó mú lọ́wọ́ dípò pàṣán, ìbọn náà sì ṣe ohun tí ìbọn máa ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ó rí ẹnì kan tí ó wọ irú ìbòjú funfun kan náà ní òpópónà, ó sì na ìbọn sí i. Bí ẹni náà ti ń lọ, ọkọ̀ ọlọ́pàá gbá a, ó sì jóná mọ́ ọkọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọmọ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Ben Tramer ni, ẹni tí Laurie ti sọ nínú eré àkọ́kọ́ pé ọkàn òun fà sí. Ọmọ tí ń ṣeré ọdún ni. Kò sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀ nínú eré náà. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ tán, eré náà kò tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú àwọn ará Ọ̀rẹ̀ tètè rí, tí èmi kò sì rí ní òkè òkun. Laurie dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó jókòó tì í. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá àwọn òbí rẹ̀, wọn kò rí wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàárín wa kò yé béèrè pé: "Ìyá rẹ̀ dà? Ta ni yóò máa gbé oúnjẹ fún un?" Àwọn lámèyítọ́ ti kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn náà ṣófo ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n kà á sí àṣìṣe olùdarí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìbéèrè ọ̀dọ́mọbìnrin yìí wò ó, àìsí ìbátan lẹ́bàá ibùsùn ni ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Eré náà sún mọ́ òtítọ́ ńlá kan níhìn-ín, kò sì mọ̀ pé òun sún mọ́ ọn.

Ibi tí ó ti sún mọ́ ọn jù lọ ni òpin. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí eré àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà jáde síta pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ìbòjú sì wà lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣí ìbòjú náà kúrò, ó sì pe orúkọ rẹ̀: "Michael?" Lẹ́yìn èyí, bàbá àti ìyá dúró bí ère, wọn kò sọ ohunkóhun mọ́, àwòrán sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa Michael, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kankan kò tún pè é. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ní òpin eré kejì, nígbà tí ó ti gún Loomis lọ́bẹ, tí ó sì ń bọ̀ wá bá Laurie, ọmọbìnrin náà pè é ní ohùn jẹ́jẹ́: "Michael?" Ó dúró. Ìbọn mẹ́fà kò dá a dúró, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ láti ẹnu àbúrò rẹ̀ dá a dúró.

Ní Ọ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbin nígbà náà. Èyí ni ìgbà kejì tí ilé dákẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ìyá arúgbó ṣe ń fi oríkì rọ ọmọ tí inú ń bí mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti dúró tán ni Laurie yìnbọn sí ojú rẹ̀ méjèèjì. N kò dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ẹni tí ọ̀bẹ dé bá ní ẹ̀tọ́ láti gba ara rẹ̀ là. Àwọn òǹkọ̀wé ni mo ń bá wí. Wọ́n fi eré méjì dá òbìrí kan, láti orúkọ tí bàbá pè dé orúkọ tí àbúrò pè. Nígbà tí òbìrí náà fẹ́ pàdé, wọ́n kò béèrè ohun tí ìpè náà jí nínú rẹ̀. Àyè ni wọ́n fi í ṣe, kí ìbọn lè bà á dáadáa.

Ẹnì kan lè sọ pé ohun tí mo ń béèrè kò ṣe é ṣe nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Láti dá a lóhùn, n ó mú eré mìíràn wá, tí wọ́n ya apá kan rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ní Ìlárá-Mọ̀kín àti Àkúrẹ́. October 1 ni, tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Túndé Babalọlá sì kọ, tí ó jáde ní ọdún 2014. Kì í ṣe apá kejì eré kankan, apààyàn inú rẹ̀ kò sì wọ ìbòjú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìtàn apààyàn tí kò dúró, tí ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìlú àfinúrò kan tí ń jẹ́ Akọ̀tẹ́ nígbà tí òmìnira ọdún 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́pàá láti Òkè Ọya kan, Dánládì Wazírì, tí olóògbé Sàdíìkù Dábà ṣe, ni wọ́n rán láti wá a. Ẹni tí ó wá rí ni Adérọ̀pò, ọmọ ọba ìlú náà, ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ènìyàn ń fi yangàn. Ẹ̀rín rẹ̀ àti aṣọ òyìnbó rẹ̀ ni ìbòjú rẹ̀. Àwa tí a fi ìwé kíkà ṣe ẹ̀wù mọ̀ pé aṣọ náà a máa bo nǹkan.

Ẹ wo bí àwọn eré méjèèjì ti jọra. Nínú méjèèjì ni a ti pa aláìṣẹ̀ dípò apààyàn: ní Haddonfield, ọmọ tí ó wọ ìbòjú, ní Akọ̀tẹ́, àjèjì kan láti Òkè Ọya tí bàbá ọ̀kan nínú àwọn òkú ṣá ládàá. Nínú méjèèjì ni àwọn aláṣẹ ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ní Amẹ́ríkà, ìwé tí ìjọba tì, ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀gá òyìnbó tí wọn kò fẹ́ kí Wazírì sọ orúkọ apààyàn náà, kí ayọ̀ òmìnira má baà bàjẹ́. Nínú méjèèjì ni ìdí ìpànìyàn ti wà nílé. Àlùfáà tí wọ́n fi ọmọ náà sábẹ́ rẹ̀ láti kàwé ni ó ti bà á jẹ́ ní kékeré, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà sì mọ̀, nítorí pé ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí i.

Ìyàtọ̀ wọn ni pé nínú October 1, àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni eré náà dá lé lórí. Ikú àjèjì náà mú wa rò nípa orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ kò tú ìdààmú wa sílẹ̀ nígbà tí eré parí. Ó bá wa délé. A kò dárí ji Adérọ̀pò, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò ní ilé tí a lè lọ bi. Ó ní ààfin, ó ní ilé-ìwé, ó ní ọ̀rẹ́ tí ó dákẹ́. N kò sọ pé eré náà kò ní àbùkù. Àwọn ìgbà kan wà tí ó ń ṣàlàyé ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé a lè ṣí ojú apààyàn kí ẹ̀rù sì pọ̀ sí i, bí ìṣíjú náà bá mú kí ìlú fi ọwọ́ kan ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ olùkọ́bìnrin wa. Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ìlú tí ó nílò sinimá kí ó tó mọ ẹ̀rù. Ojú ọ̀nà láti Èkó sí Benin ni ó wà. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1967, ogun abẹ́lé dé ibẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba ọ̀nà Benin wọlé, àwọn àgbà sì ń sọ títí di òní pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Ní àkókò tiwa, ajínigbé ni ẹ̀rù ojú ọ̀nà náà, ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá sì dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020 nítorí irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́bìnrin náà bi mí pé: nígbà tí àwọn abojúpààyàn wà nínú igbó, kí ni a tún fẹ́ fi tiwọn ṣe nínú fóònù?

Èsì mi nìyí. Ewu tí mo rí nínú Halloween II kì í ṣe pé yóò sọ àwọn ọmọ wa di apààyàn. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè kọ́ wọn pé ibi kò ní ilé tí ó ti wá. Irọ́ ni. Ajínigbé kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnì kan ń ta oúnjẹ fún un, ẹnì kan ń ra epo fún un, ẹnì kan mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí a bá gbà pé "Ìrísí" lásán ni, a ti gba gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbéèrè. A sì ti fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni tí ó bá jọ ọ́ sínú ewu. Bí àwọn ọmọkùnrin Odìgbó mẹ́ta yẹn bá ti jáde ní alẹ́ ńkọ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé lójoojúmọ́? Ben Tramer ni wọn ìbá dà. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú eré náà gan-an, ó ń dúró de olùkọ́ tí yóò tọ́ka sí i.

Nítorí náà, n kò gba àwọn olùkọ́ wa níyànjú pé kí wọ́n máa gba fóònù kiri. Ohun tí a fòfin dè lójú àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń wò lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wò ó, kí a bi í pé: Ọmọ ta ni? Ta ni atókùn rẹ̀? Ta ni ó mọ̀, tí ó dákẹ́? Ta ni yóò sunkún Ben Tramer? Bí ó bá gbìyànjú láti dáhùn ìwọ̀nyí ní èdè Yorùbá tí ó já gaara, ó ti ń ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn, ó sì lè rí i fúnra rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó kéré jù nínú ohun tí ó ń wò.

Olùkọ́bìnrin náà kò gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ó ṣì kà á sí pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun mú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá àwọn ìyá tí wọ́n dẹ́rù bà. Kò ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kò sì na ẹnikẹ́ni. Ó ní kí olúkúlùkù dúró láìsí páálí lójú, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti agbo ilé tí ó ti wá. Nígbà tí ó kan ẹni kẹta, ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó ní: "Ṣé ìwọ ni? Èmi ni mo gbé ìyá rẹ pọ̀n!" Ó wo ọmọ náà títí, ó sì ní kí ó wá máa bá òun gbé igbá ẹ̀fọ́ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, títí ọwọ́ òun yóò fi san.